Check, cheque, chess àti Exchequer: ọba Páṣíà ló bí gbogbo wọn

Tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sìnnì jámbù n'Íbàdàn ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: “Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí pé kí ló dé tí check fi jẹ́ kéèyàn yẹ nǹkan wò, tó tún jẹ́ kéèyàn dá nǹkan dúró, tó tún jẹ́ aṣọ tó gún mẹ́rin mẹ́rin, tó tún jẹ́ ohun táwọn tó ń ta chess máa ń sọ. Kí ló sì dé tí àwa ń kọ ti báńkì ní cheque, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ ní check? Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀ àbí wọ́n kàn jọra? Ọkọ mi ní orílẹ̀-èdè Czech náà wà nínú ẹ̀, èmi ò gbà.”

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́ o mà, ẹ bá mi kí ọmọ tó béèrè yẹn dáadáa, torí ìbéèrè gidi ló bi yín. Ẹ jẹ́ n fi ìdáhùn sílẹ̀ ná ká tó máa tú u: ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Check tó jẹ́ yíyẹ̀wò, check tó jẹ́ ìdádúró, ti aṣọ, ti chess, cheque ti báńkì, Exchequer tí wọ́n fi ń pe àpò ìjọba ní Ìlú Ọba, àní orúkọ ayò yẹn gan-an, chess, ìdílé kan náà ni wọ́n, bàbá ńlá wọn sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọba lédè Páṣíà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráànì lónìí. Czech nìkan ni ò bá wọn tan, mo máa débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni shāh. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa á rántí Shah ti Ìráànì, ọba tó kúrò nílùú lóṣù kìíní ọdún 1979 nígbà tí ìlú dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Oyè yẹn ti pẹ́ láyé ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Dáríúsì tó jẹ́ kí wọ́n parí tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù nínú ìwé Ẹ́sírà nínú Bíbélì, ní nǹkan bí ọdún 520 kí wọ́n tó bí Jésù, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ òun sára àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Behistun, oyè tó sì pe ara rẹ̀ níbẹ̀ ni xšāyaθiya. Ẹ má jẹ́ kí sípẹ́lì yẹn dẹ́rù bà yín. Ẹnu ló ń gé e kúrú láti ìran dé ìran títí tó fi ku shāh, bí gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń pè lójoojúmọ́ ṣe máa ń rí.

Báwo wá ni oyè ọba ṣe di ohun tí a fi ń yẹ fóònù wò? Ayò ló gbé e rìn.

Íńdíà ni chess ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 1,400 sí 1,500 ọdún sẹ́yìn, chaturanga ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà mẹ́rin, torí ẹ̀yà ọmọ ogun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: erin, ẹṣin, kẹ̀kẹ́ ogun àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ará Páṣíà gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pè é ní chatrang. Nígbà tí àwọn Lárúbáwá ṣẹ́gun Páṣíà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún keje, wọ́n gba ayò náà mọ́ ilẹ̀, àmọ́ ahọ́n Lárúbáwá ò gba “ch” yẹn, ni wọ́n bá ń pè é ní shatranj. Wọn ò yí orúkọ ọba inú ayò náà padà ní tiwọn, shāh ló ṣì ń jẹ́. Láti ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣèjọba ní Sípéènì nígbà yẹn ló ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù yòókù. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá bi ará Kúbà ohun tó ń pe chess, ajedrez ló máa sọ, ará Bùràsíìlì á ní xadrez, shatranj yẹn náà ni wọ́n ń pè o, wọ́n kàn fi ahọ́n Sípéènì àti Potogí pè é ni. Kódà xadrez ni wọ́n ń pe aṣọ tó gún mẹ́rin mẹ́rin náà ní Bùràsíìlì, wọ́n sì tún máa ń fi pe ẹ̀wọ̀n nígboro, mo gbà pé ìrin ojú fèrèsé ẹ̀wọ̀n tó gbé ara wọn ní àgbélébùú ló fà á.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ o, torí àwọn ọmọ ayò yòókù náà ní ìtàn. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rook, rukh ló ń jẹ́ ní Páṣíà, kẹ̀kẹ́ ogun ni. Èyí tí wọ́n sọ di bíṣọ́ọ̀bù, erin ni tẹ́lẹ̀, al-fīl, àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ò tíì yí i, alfil ni wọ́n ń pè é síbẹ̀. Ayaba tó wá jẹ́ alágbára jù lórí pátákó lónìí, wàsírì ni nígbà yẹn, ọkùnrin tó ń gba ọba nímọ̀ràn, kò sì lè rìn ju ilé kan lọ. Ọba ní tirẹ̀ ò pa ìdà dà.

Ká padà sórí check. Nínú ayò yẹn, tí o bá ti gbé ọmọ ayò rẹ síbi tó ti lè kọlu ọba ẹnì kejì, o gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún un, wọn kì í yọ́ kẹ́lẹ́ pa ọba. Wàá ní “Shāh!”, ìyẹn ni pé ọba o, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, mójú tó ọba rẹ. Ariwo yẹn ni àwọn ará Yúróòpù gbọ́ tí wọ́n sì ń pè láì gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ Látìn sọ ọ́ di scaccus, Faransé sọ ọ́ di eschec, nígbà tí àwọn Norman sì gbé èdè Faransé wọn wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 1066, Gẹ̀ẹ́sì gé iwájú rẹ̀ sọnù, ó ku chek. Tí wọ́n bá pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, esches ni Faransé ń pè wọ́n, òun náà ni wọ́n gé iwájú ẹ̀ tó di chess. Nítorí náà check àti chess, ọ̀kan jẹ́ ẹyọ, ìkejì jẹ́ ọ̀pọ̀, ìyàtọ̀ wọn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi Faransé kàwé mọ èyí dáadáa: échecs ni ayò, échec ni kí ọmọ kùnà nínú ìdánwò, ọba tí wọ́n há mọ́ kọ̀rọ̀ ló di orúkọ ìfìdírẹmi.

Checkmate ńkọ́? Shāh māt ni. Wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé ó túmọ̀ sí “ọba ti kú”, torí māta jẹ́ kíkú lédè Lárúbáwá. Èmi ò fara mọ́ ọn. Lédè Páṣíà, māt ni ẹni tí nǹkan tojú sú, tí ò rọ́nà gbé e gbà mọ́, ìyẹn ló sì bá ayò náà mu, torí wọn kì í gbé ọba kúrò lórí pátákó láéláé. Gbogbo ọmọ ayò ló ń kú, ọba kì í kú, ayò á kàn parí síbi tí wọ́n há a mọ́ ni. Ọmọ Yorùbá ò yẹ kó ṣàlàyé èyí fún ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ ẹ̀, àwa náà kì í kúkú sọ pé ọba kú.

Ibi tí ìtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ rèé o. Ẹ wo ohun tí “Shāh!” yẹn ń ṣe fún ẹni tí wọ́n pè é sí. Kí wọ́n tó pè é, gbogbo ọmọ ayò tó bá wù ú ló lè gbé, bóyá ó tiẹ̀ ti ń pète bó ṣe máa pa àwọn tẹni kejì. Wọ́n pè é tán, gbogbo ètò yẹn dúró. Nǹkan mẹ́ta péré ló lè ṣe: kó gbé ọba sá, kó fi ọmọ ayò míì dí ọ̀nà, tàbí kó pa èyí tó ń dún mọ̀huru mọ́ ọba. Ó di dandan. Torí náà àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi check pe ohunkóhun tó bá dá èèyàn dúró lójijì tàbí tó bá dín agbára ẹ̀ kù. Àárín ọdún 1300 sí 1400 ni èyí wọlé, kò sì tíì jáde. Òun ló wà nínú keep in check. Òun náà ló wà nínú checks and balances tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nínú iṣẹ́ Government, ẹ bá mi sọ fún wọn dáadáa, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣàlàyé ẹ̀ pé ìjọba ń yẹ ara wọn wò. Kì í ṣe yíyẹ̀wò lásán. Pé ààrẹ lè kọ̀ láti buwọ́ lu òfin, pé àwọn aṣòfin lè yọ ààrẹ nípò, pé ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé ohun tí àwọn méjèèjì bá ṣe, dídá ara wọn dúró ni, bí ayò ṣe ń dá ọba dúró gẹ́lẹ́.

Láti dídádúró ni ó ti wá di yíyẹ̀wò, èyí sì wáyé ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1600. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bí méjèèjì ṣe so mọ́ra, ẹ gba ọ̀nà márosẹ̀ kọjá níbi tí ọlọ́pàá bá dúró sí. Checkpoint ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kọ́kọ́ na ọwọ́, wọ́n á ní kí mọ́tò dúró, ìyẹn check àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní ẹ mú pátíkúlà wá, wọ́n á gbà á, wọ́n á wo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé, wọ́n á rìn lọ síwájú mọ́tò, wọ́n á wo nọ́ńbà tó wà lára pọ́léètì, bóyá méjèèjì bára mu. Ìyẹn check tuntun. Ọ̀rọ̀ kan ló gba iṣẹ́ méjèèjì, torí kò sẹ́ni tó lè fara balẹ̀ yẹ ohun tó ń sáré lọ wò, ẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró ná. Nínú ìwé owó náà, bó ṣe rí nìyẹn: akọ̀wé kan ní ìwé tirẹ̀, akọ̀wé kejì ní ẹ̀dà, tí wọ́n bá gbé méjèèjì pọ̀, ẹ̀dà yẹn ni ò ní jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ jí owó rí i jí. Ó dá olè dúró, ó sì jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kejì tó rin ọ̀nà yìí kan náà ni control, ìwé ìṣirò kejì tí wọ́n ń ká pọ̀ bíi ẹní tí wọ́n sì fi ń wo ti àkọ́kọ́ ló jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kó tó wá di agbára lórí nǹkan.

Gbogbo èyí jẹ́ ẹsẹ̀ kan nínú ìdílé náà. Ẹsẹ̀ kejì ti ara pátákó ayò wá.

Pátákó tí wọ́n fi ń ta ayò ọba yẹn, eschequier ni Faransé ń pè é. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ilé dúdú ilé funfun ló wà lórí ẹ̀, 64 lápapọ̀, ohunkóhun tó bá ti ní ilà tó dá ara wọn kọjá báyẹn ni wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pè. Ibẹ̀ ni check ti aṣọ ti wá, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ wa ní púráímárì, àsíá dúdú-funfun tí wọ́n ń jù síwá sẹ́yìn tí eré ìje mọ́tò bá parí, bẹ́líìtì onílé dúdú-funfun tó yí fìlà ọlọ́pàá po ní Ìlú Ọba, èyí tí ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Percy Sillitoe, mú wọlé ní Glasgow lọ́dún 1932. Dràáfù táwọn bàbá wa ń ta lábẹ́ igi, checkers ni Amẹ́ríkà ń pè é, torí pátákó ẹ̀ náà ni. Gẹ̀ẹ́sì á sì sọ pé ẹnì kan ní chequered past, ìyẹn ni pé ìgbé ayé ẹ̀ nílé dúdú, ó nílé funfun.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀ ni Exchequer, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sórí ẹ̀.

Láyé Ọba Henry Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1110, orúkọ Exchequer ti jáde nínú ìwé ọba. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn tó ń gbowó orí fún ọba ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, sheriff ni wọ́n ń pè wọ́n, máa ń wá jíhìn, nígbà Ọdún Àjíǹde àti ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Akápò Ọba Henry Kejì, Richard FitzNeal, kọ ìwé kan ní nǹkan bí àárín 1170 sí 1180, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ló jókòó tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ń béèrè, ọ̀gá ń dáhùn. Ọmọ náà béèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń pe ibí yìí ní Exchequer. Ọ̀gá ní tábìlì ibẹ̀ ló jọ pátákó ayò. Ó ṣàpèjúwe ẹ̀: ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó fẹ̀ tó márùn-ún, etí ẹ̀ yọ sókè tó ìka mẹ́rin kí nǹkan má baà yí bọ́ sílẹ̀. Aṣọ dúdú ni wọ́n ń tẹ́ lé e lórí, ọdọọdún ni wọ́n ń ra tuntun nígbà Àjíǹde, wọ́n á ti fa ilà sí i, àyè tó wà láàárín ilà sí ilà tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí ìnà ọwọ́ kan.

Inú àwọn àyè yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò owó. Àyè àkọ́kọ́ jẹ́ ti kọ́bọ̀ wọn, pẹ́ńsì, ìkejì jẹ́ ti sílè, ìkẹta ti pọ́n-ùn, ìkẹrin ti ogún ogún pọ́n-ùn, ìkarùn-ún ti ọgọ́rùn-ún, ìkẹfà ti ẹgbẹ̀rún. Ká ní agbowó ẹkùn kan jẹ ọba ní 245 pọ́n-ùn, sílè mẹ́fà àti pẹ́ńsì mẹ́rin. Akọ̀wé á gbé ọmọ ìṣirò méjì sí ti ọgọ́rùn-ún, méjì sí ti ogún, márùn-ún sí ti pọ́n-ùn, mẹ́fà sí ti sílè, mẹ́rin sí ti pẹ́ńsì. Nísàlẹ̀ ẹ̀, lórí ìlà kejì, á to èyí tí ọkùnrin náà san sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 240 pọ́n-ùn ló san, méjì ní ti ọgọ́rùn-ún, méjì ní ti ogún, wọ́n á mú ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè, ohun tó bá ṣẹ́ kù lórí aṣọ, pọ́n-ùn márùn-ún, sílè mẹ́fà, pẹ́ńsì mẹ́rin, ni gbèsè tó wà lọ́rùn ẹ̀, gbogbo èèyàn tó jókòó yí tábìlì ká ló sì fi ojú ara wọn rí i. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é báyẹn ni pé nọ́ńbà Róòmù, V àti X àti L, ni wọ́n fi ń kọ̀wé nígbà yẹn, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi ṣe ìyọkúrò, ẹ máa rí i pé ìyà ni. Púpọ̀ nínú àwọn agbowó yẹn ò sì mọ̀wé, ojú ni wọ́n fi ń ka aṣọ yẹn. FitzNeal ní bí àwọn méjì ṣe ń jà lórí pátákó ayò ni akápò ọba àti sheriff ṣe ń jà lórí tábìlì náà. Orúkọ aṣọ orí tábìlì wá di orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ọba, títí dòní Chancellor of the Exchequer ni oyè mínísítà ètò ìnáwó wọn. Chequers, ilé tí olórí ìjọba wọn ti máa ń lọ sinmi lábúlé, tí wọ́n fi ta ìjọba lọ́rẹ lọ́dún 1917, ìdílé orúkọ yìí náà ni, wọ́n sì sọ pé òṣìṣẹ́ Exchequer ayé àtijọ́ kan tó ni ilẹ̀ náà ló fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún un.

Risíìtì tí wọ́n ń fún agbowó tó bá san owó ẹ̀, igi ni. Wọ́n á mú igi pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé ojú sí i lára: ojú tó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, èyí tó tó àtàǹpàkò jẹ́ ọgọ́rùn-ún, èyí tó tó ọmọńdinrín jẹ́ ogún, èyí tó tó hóró ọkà bálì jẹ́ pọ́n-ùn kan. Wọ́n á wá la igi náà sí méjì lóòró, tí ojú ọ̀bẹ á fi wà lára ìlàjì méjèèjì. Ọ̀kan fún ẹni tó san owó, ọ̀kan ní ilé owó ọba. Lọ́jọ́ ìṣirò, wọ́n á gbé méjèèjì lé ara wọn. Tó o bá lọ fi ọ̀bẹ kún tìẹ, kò ní bá ti ọba mu. Ó lé ní 600 ọdún tí wọ́n fi ń lo àwọn igi yìí, ọdún 1826 ni wọ́n tó pa á tì. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1834 ni wọ́n ní kí wọ́n lọ jó èyí tó ṣẹ́ kù nínú iná ìléru tó wà lábẹ́ ilé àwọn aṣòfin àgbà, igi gbígbẹ pọ̀ jù, iná ràn, èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà ní Westminster jóná. Ilé tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí, èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni.

Ẹ fi igi tí wọ́n là sí méjì yẹn sọ́kàn, òun ló máa jẹ́ ká lóye cheque.

Nígbà tí àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọdún 1650, ìwé lásán ni èèyàn fi ń kọ̀wé sí ẹni tó bá a tọ́jú owó pé kó fún lágbájá ní iye báyìí. Ayédèrú rọrùn láti ṣe. Bank of England, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1694, bẹ̀rẹ̀ sí í lo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ ní 1717, tó ní nọ́ńbà. Wọ́n á gé ìwé náà kúrò lára ìdí ẹ̀, ìdí ẹ̀ á kù sí báńkì, bí ẹni kan bá sì mú ìwé wá gbowó, wọ́n á gbé e mọ́ ìdí tó kù, wọ́n á wò ó bóyá wọ́n bára mu. Ìdí ìwé tó kù yẹn ni wọ́n ń pè ní check, torí òun ló ń dá oníjìbìtì dúró, òun sì ni wọ́n fi ń yẹ ìwé kejì wò. Ẹ rí i bó ṣe padà síbi igi ọjọ́sí. Tẹ́ ẹ bá ní búkù báńkì nílé, ẹ ṣí i, ẹ wo apá òsì, ewé pẹlẹbẹ tó máa ń kù sínú búkù tẹ́ ẹ bá ti ya èyí tó kù fún ẹni tẹ́ ẹ sanwó fún, tí nọ́ńbà kan náà wà lára méjèèjì. Èyí tó kù sí yín lọ́wọ́ yẹn ni check gidi. Kó tó di ọdún 1800 ni orúkọ náà ti fò láti ara ìdí ìwé, ó lọ bà lé ìwé tí wọ́n ń yà jáde, ibẹ̀ náà ló wà dòní. Àwa ní tiwa ò wo ìdí ìwé rárá, ohun tí ìwé náà ń ṣe la fi sọ ọ́ lórúkọ, sọ̀wédowó.

Ó wá kan sípẹ́lì, ibi tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn gbọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dọ̀ wa gbà pé cheque ni ojúlówó, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló ba sípẹ́lì jẹ́ tí wọ́n ń kọ check. Òdìkejì ẹ̀ lòótọ́. Check ni gbogbo wọn ń kọ, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní New York. Ní nǹkan bí ọdún 1828 ni cheque bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé àwọn oníṣẹ́ báńkì Gẹ̀ẹ́sì, Exchequer ni wọ́n wò tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ owó ni méjèèjì, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè ya ti báńkì sọ́tọ̀ sí check yòókù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti lọ gba òmìnira wọn nígbà yẹn, wọn ò bá wọn yí i. Àwa tí Gẹ̀ẹ́sì ṣèjọba lé lórí lẹ́yìn náà, sípẹ́lì tuntun yẹn la bá lọ́wọ́ wọn. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston tàbí Atlanta mọ ìtumọ̀ kan sí i tí ò wọ́pọ̀ nílé: tí wọ́n bá jẹun tán ní ilé oúnjẹ, check ni wọ́n ń ní kí wọ́n mú wá, ìwé tí wọ́n kọ iye oúnjẹ sí. Láti nǹkan bí 1869 ni Amẹ́ríkà ti ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwé báńkì o, bíìlì lásán ni.

Ẹ tún lè sọ fún ọmọ yẹn pé ariwo tó bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ń kúrò nínú ayò fúnra ẹ̀. Nígbà tí Tunde Onakoya, ọmọ Ìkòròdú, fi 60 wákàtí ta chess ní Times Square nílùú New York lóṣù kẹrin ọdún 2024, kò sí òfin kankan tó ní dandan ni kó pariwo “check” sí ẹni tó ń bá ta. Nínú ìdíje ńlá, ojú ẹ ni wàá fi wò ó, wọn ò ní kìlọ̀ fún ẹ.

Fún jámbù àti WAEC, cheque ni kí wọ́n máa kọ fún ti báńkì, kí wọ́n kọ check fún gbogbo yòókù, ti aṣọ, ti ìdádúró, ti yíyẹ̀wò. Chequered pẹ̀lú “qu” ni Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba ń kọ, checkered ni ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n bá mú kí wọ́n dì í mú láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé wọn.

Ní ti ọ̀gá nílé, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Czech ò sí nínú ẹbí yìí. Čech ni àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yẹn ń pe ara wọn, ìtàn wọn sì ní orúkọ baba ńlá tó kó wọn débẹ̀ ni. Sípẹ́lì “cz” yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Pólándì ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí i.